Òkè Tirumala: àtẹ̀gùn 3,550 nítorí ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ má baà máa bi mí lábẹ́lẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni o, mo gun òkè Tirumala ní Íńdíà, mo wọ inú tẹ́ńpìlì lọ dé ibi tí òrìṣà gangan wà, mo sì fojú ara mi rí i. Àsìkò tí mo fi rí i ò ju kéèyàn sín lẹ́ẹ̀mejì kó nu imú lọ. Wákàtí mọ́kànlá ni mo sì fi wà lórí láìnì kó tó kàn mí. Torí èyí, àwọn kan tó ń kọ èrò wọn nípa ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fún un ní ìràwọ̀ kan péré, wọ́n á ní wọ́n tì wọ́n kọjá bí ẹrù, àwọn mìíràn á fún un ní márùn-ún torí pé Olúwa wọn ni, ta ló máa fún Olúwa rẹ̀ ní mẹ́rin kó tún rí oorun sùn lálẹ́. Èmi ò sí nínú ìkankan. Tèmi ni pé ibi táwọn tó ń bínú yẹn tẹjú mọ́ kọ́ ni nǹkan wà. Ẹni tó bá wọ mọ́tò dókè, tó to láìnì, tó yọjú, tó tún wọ mọ́tò sọ̀ kalẹ̀, onítọ̀hún ti sanwó ọjà tán kò gbé ọjà.

Fẹ́ni tí ò bá mọ ibẹ̀: ìlú Tirupati ló wà nísàlẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh ní gúúsù Íńdíà, Tirumala wá wà lókè rẹ̀, ó fi nǹkan bíi mítà 850 ga ju òkun lọ. Òkè méje ló so kọ́ra wọn níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní orí méje ejò ńlá tó ń jẹ́ Adisesha ni, ejò tí Vishnu, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà wọn tó ga jù, máa ń sùn lé, orí Venkatadri tó jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèje sì ni tẹ́ńpìlì wà. Òrìṣà tó wà nínú rẹ̀ ni Venkateswara, Vishnu fúnra rẹ̀ náà ni, ó kàn wá fi ibẹ̀ ṣe ilé. Balaji làwọn ará àríwá ń pè é. Àmọ́ lórí òkè yẹn, orúkọ tẹ́ ẹ máa gbọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni Govinda, ẹnì kan á ké e níwájú, gbogbo èrò á gbè é lẹ́yìn, kódà èmi tí mi ò mọ nǹkan kan, kó tó di ọ̀sán mo ti ń gbè é. Èèyàn tó ń wá síbẹ̀ lóòjọ́ máa ń tó 60,000 sí 80,000. Lóòjọ́ o, kì í ṣe lọ́sẹ̀.

Bengaluru ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ọmọ ẹ̀yà Telugu, ló ní ìyá òun ní ẹ̀jẹ́ kan tó fẹ́ lọ san, pé kí n bá àwọn lọ. Bọ́ọ̀sì alẹ́ la wọ̀, nǹkan bíi kìlómítà 250, a dé Tirupati kílẹ̀ tó mọ́.

Ibi tí mo ti ṣe òmùgọ̀ nìyí. Tíkẹ́ẹ̀tì kan wà tí wọ́n ń tà ní 300 rúpì, tó máa ń gé láìnì kúrú fúnni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń rà á, ó sì máa ń tán lọ́pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú. Èmi ò mọ̀. Mo wá rí ajẹ́ntì kan lórí WhatsApp tó ní òun á bá mi wá a, 2,000 rúpì, mo sanwó, ó fi PDF ránṣẹ́, ó dára lójú, ó ní àmì, ó ní gbogbo ẹ̀. Lóru ọjọ́ tá à ń lọ, ọ̀rẹ́ mi gba fóònù wò ó nínú bọ́ọ̀sì, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní "wò ó dáadáa, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?" Orúkọ ọkùnrin kan tó jẹ́ ẹni ọdún 58 ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ò sì lè fi orúkọ ẹlòmíì wọlé, wọ́n máa wo káàdì ìdánimọ̀ yín lẹ́nu ọ̀nà, èmi tí mo jẹ́ àjèjì, páásípọ́ọ̀tù ni. Mo pe ajẹ́ntì, ó ti búlọ́ọ̀kì mi. Torí náà o, orí wẹ́búsáìtì ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó tẹ́ńpìlì náà gangan ni kẹ́ ẹ ti rà á, ẹ má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni.

Ètò mi tẹ́lẹ̀ ni pé kí ọ̀rẹ́ mi àti ìyá rẹ̀ máa fẹsẹ̀ gòkè, kí èmi wọ bọ́ọ̀sì lọ bá wọn lókè bí ọmọlúàbí. Tíkẹ́ẹ̀tì ti kú, ojú ti ń tì mí, mo ní ó dáa, mo ń bá yín rìn. Ọpẹ́lọpẹ́ olè yẹn, ká sòótọ́.

Alipiri ni wọ́n ń pe ìdí òkè náà. Ibẹ̀ lẹ ti máa gbé báàgì yín sílẹ̀, wọ́n á fún yín ní rìsíìtì, wọ́n á fi mọ́tò gbé e lọ sókè dè yín, kọ́bọ̀ wọn ò gbà. Mo gbóṣùbà fún wọn níbẹ̀ torí pé mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń gbowó lórí kí wọ́n bá ẹ wo báàgì lásán. Ẹ máa bọ́ bàtà náà. Ilé kékeré kan wà níbẹ̀, bàtà irin Vishnu ló wà nínú rẹ̀, àwọn èèyàn á gbé e lé orí, wọ́n á máa yí tẹ́ńpìlì kékeré náà ká, bàbá arúgbó, ọmọ ilé ìwé, ọkùnrin tó wọ aago olówó ńlá, gbogbo wọn pẹ̀lú bàtà lórí. Mo dúró wò wọ́n títí.

Ẹ wá jẹ́ n sọ ti Amma, ìyá ọ̀rẹ́ mi. Mama yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ ni pé òun á fi ata ilẹ̀ pupa, èyí tó ń mú nǹkan pọ́n yẹn, àti ìyẹ̀fun pupa tí wọ́n ń pè ní kumkum kan gbogbo àtẹ̀gùn òkè náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, 3,550. Ó ní abọ́ kékeré méjì. Á bẹ̀rẹ̀, á fi ìka kan ata ilẹ̀ sójú òkúta, á fi ìka kejì fi pupa sáàárín rẹ̀, ètè rẹ̀ á mì díẹ̀, á dìde, ó di orí èyí tó kàn. Kì í ṣe òun nìkan o, àwọn obìnrin rẹpẹtẹ ló ń ṣe é, òkúta ibẹ̀ ti pọ́n, ó ti pupa, ó ti ń yọ̀ díẹ̀, ẹ ṣọ́ra tójò bá rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ló ń gbé omi, ó sọ mí di ẹni tó ń bu ìyẹ̀fun sábọ́. Nígbà tá a dé nǹkan bí àtẹ̀gùn 300 mo ti ń mí bí ajá tó lé ọ̀kadà, Amma wojú mi, ó ní "nanna, jókòó díẹ̀". Mo bi ọ̀rẹ́ mi léèrè kí ni nanna, ó ní bàbá ni, pé bàbá làwọn ìyá àwọn máa ń pe ọmọ táwọn bá ń kẹ́ ẹ. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí ìyá mi ń pè ní bàbá mi láti kékeré, mo wá dé ẹ̀yìn òkun, wọ́n tún ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Apá ìsàlẹ̀ ló le jù, láti Alipiri títí dé ẹnubodè gíga kan tí wọ́n ń pè ní Gali Gopuram. Tẹ́ ẹ bá ti la ibẹ̀ kọjá, ó máa tẹ́ díẹ̀, ẹ máa rí ọgbà tí wọ́n ti ń sin àgbọ̀nrín, ẹ máa rí àwọn tó ń ta kùkúḿbà tí wọ́n là, tí wọ́n wọ́n iyọ̀ àti ata gígún sí, ẹ jẹ ẹ́, ẹ má ṣe fínfín. Òrùlé wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà náà, òòrùn ò ní pa yín. Àmọ́ igbó gidi ni ọ̀nà náà là kọjá o. Ní 2023 àmọ̀tẹ́kùn pa ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan lójú ọ̀nà yìí, láti ìgbà náà ni wọ́n ti fi òfin sí àsìkò tẹ́ ẹ lè mú ọmọdé gbabẹ̀, wọ́n tiẹ̀ fún àwọn tó ń rìn ní ọ̀pá lọ́wọ́. Ẹ má tú ọmọ sílẹ̀ kó máa sáré ṣáájú yín.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká dókè, àtẹ̀gùn tún dìde dúró, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní òkè orúnkún lédè Telugu. Mo rò pé torí pé orúnkún èèyàn máa ń dùn ún níbẹ̀ ni. Rárá. Wọ́n ní Ramanuja, àgbà onímọ̀ ẹ̀sìn tó gbé ayé láàárín ọ̀rúndún 11 sí 12, tó jẹ́ pé òun ló to bí wọ́n ṣe ń ṣe ìjọsìn tẹ́ńpìlì náà dòní, ó ní òkè yìí ti mọ́ jù fún àtẹ́lẹsẹ̀ òun, ó wá fi orúnkún gùn ún. Títí dòní, ẹ máa rí àwọn tó ń fi orúnkún gun ibẹ̀. Èmi fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gùn ún, àmọ́ tèmi ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹ̀sìn.

Wákàtí méje la fi gùn ún. Ẹlòmíì á gùn ún ní mẹ́ta sí mẹ́rin, àmọ́ wọn ò bá Amma rìn.

Ibi orúnkún yìí ni nǹkan kan ti yé mi. Ọdún 1944 ni ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ tó dé orí òkè yìí, èkejì tẹ̀ lé e ní 1974. Kó tó di 1944, ẹsẹ̀ ni, àfi ẹni tó bá lówó tí wọ́n gbé lé èjìká. Ẹ wá rò ó wò: àwọn akọrin mímọ́ tó ń fi èdè Tamil kọrin ìyìn òkè yìí ní èyí tó lé ní 1,000 ọdún sẹ́yìn, Olorì Samavai tó jẹ́ ìran ọba Pallava tó fi ilẹ̀ àti ọ̀ṣọ́ ta tẹ́ńpìlì lọ́rẹ ní 966, Ọba Krishnadevaraya ti ilẹ̀ ọba Vijayanagara tó wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀meje láàárín 1513 sí 1521, kò sẹ́ni tó bá mọ́tò níbẹ̀ nínú wọn. Òkè fúnra rẹ̀ ni láìnì nígbà yẹn. Òkè ló ń jọ̀ èèyàn bí a ṣe ń jọ̀ èlùbọ́, ẹni tó bá dókè kò ní pọ̀ débi tí wọ́n á fi máa lé e kúrò níwájú òrìṣà. Ọ̀nà mọ́tò dé, gbogbo ayé dé. Àárẹ̀ tí òkè ń gbà lọ́wọ́ èèyàn tẹ́lẹ̀, inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń gbà á báyìí. Mi ò ní kí wọ́n ti ọ̀nà o, àwọn aláìsàn ńkọ́, àwọn àgbà ńkọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá pérépéré tó bá lọ wọ bọ́ọ̀sì, tó wá ń kígbe pé láìnì ti pọ̀ jù, kí la fẹ́ kí wọ́n ṣe fún un?

A dókè, a gba báàgì, ó kan ti irun. Ilé ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Kalyanakatta, onígbàjámọ̀ ló kún inú rẹ̀, ọkùnrin, obìnrin, ọmọ ọwọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń fárí níbẹ̀ lóòjọ́, ọ̀fẹ́ ni. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé wọ́n fi nǹkan gbá òrìṣà náà lórí, ojú ọgbẹ́ náà ò hu irun mọ́, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Neela wá gé lára irun tirẹ̀, ó fi bo ojú ọgbẹ́ náà, òrìṣà ní kò burú, irun tí wọ́n bá fún òun lórí òkè yìí, tìrẹ ni. Ọ̀kan nínú àwọn òkè méje náà ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Amma jókòó, wọ́n fi omi tú irun rẹ̀ tó funfun tó gùn dé ìdí, onígbàjámọ̀ fi bíléèdì tuntun sábẹ, ó fà á láti iwájú lọ sẹ́yìn, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n fi ìpara igi olóòórùn kun orí rẹ̀, ó dà bí ọmọ tuntun. Ọ̀rẹ́ mi yíjú sí ògiri. Ẹ̀jẹ́ náà, torí tiẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣe jẹ́ ẹ, àìsàn kan tó ṣe é lọ́dún tó kọjá, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irun yìí, wọn kì í dà á nù o, wọ́n ń ṣe gbàǹjo rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ó ń di wíìgì káàkiri ayé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra irun Íńdíà, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ́ ìyá ẹnì kan wà lórí yín.

Kéèyàn tó lọ bá Venkateswara, tẹ́ńpìlì òrìṣà tó ń jẹ́ Varaha, tó wà létí adágún, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé Varaha ló ni ilẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Venkateswara ti wá tọrọ ibi tó máa gbé, àdéhùn wọn sì ni pé ẹnikẹ́ni tó bá wá, onílẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kí. Èyí ò nílò àlàyé fún ọmọ Yorùbá.

Ibi tí mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí: ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í ṣe ẹlẹ́sìn Híńdù, wọ́n máa ní kẹ́ ẹ buwọ́ lu ìwé kan kẹ́ ẹ tó wọlé, pé lóòótọ́ ẹ̀sìn yín ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ní ìgbàgbọ́ àti ọ̀wọ̀ fún Venkateswara, ẹ sì ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ rí i. Kì í ṣe fọ́ọ̀mù lásán, ẹ kà á. Mo mú bírò dání, mo ro ti ìyá mi tó jẹ́ Ìyá Ìjọ, mo ro ti bàbá bàbá mi tó jẹ́ pé ẹ̀sìn mẹ́ta ló wà nílé rẹ̀ tí gbogbo wọn jọ ń jẹun pọ̀. Ọ̀wọ̀, mo ní in. Ìgbàgbọ́, mo jẹ́ kó wà láàárín èmi àti ẹni tó ni òkè. Mo buwọ́ lù ú. Tí ọkàn tiyín ò bá gbà á, ẹ má fipá ṣe é, ẹ dúró síta, ìta náà ní nǹkan tó pọ̀ tẹ́ ẹ lè wò.

Láti ibẹ̀, láìnì. Gbọ̀ngàn gbọ̀ngàn ni wọ́n pín in sí, wọ́n á kó yín sínú ọ̀kan, wọ́n á tilẹ̀kùn, tó bá yá wọ́n á ṣílẹ̀kùn, ẹ bọ́ sí òmíràn. Àga wà, ilé ìtura wà, wọ́n ń gbé oúnjẹ àti wàrà gbígbóná káàkiri lọ́fẹ̀ẹ́. Fóònù ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ máa ti fi sílẹ̀ níta, torí náà àwọn èèyàn ń bára wọn sọ̀rọ̀, mi ò rírú ẹ̀ rí láti ọjọ́ mélòó. Ìyá kan nínú gbọ̀ngàn wa bẹ̀rẹ̀ orin, gbogbo àwọn tó gbọ́ Telugu gbè é, ọ̀rẹ́ mi ní orin Annamacharya ni. Wọ́n bí ọkùnrin yìí ní 1408, ó kú ní 1503, wọ́n ní orin tó kọ fún òrìṣà yìí nìkan tó 32,000. Wọ́n fín wọn sára pátákó bàbà, wọ́n kó wọn sí yàrá òkúta kékeré kan nínú tẹ́ńpìlì, ibẹ̀ ni wọ́n wà títí di 1922 kí wọ́n tó rí wọn kó jáde, nǹkan bí 14,000 orin ni wọ́n bá lára àwọn pátákó náà. Ẹ gbọ́ o, èrò ń kọjá níwájú yàrá yẹn lójoojúmọ́.

Ẹ wọ aṣọ wọn lọ. Ọkùnrin, dhoti (ìró ọkùnrin) tàbí ṣòkòtò pyjama pẹ̀lú ìborùn, obìnrin, sari tàbí ṣòkòtò tó ní ìborùn. Ẹ má fi òdòdó sírun, lórí òkè yẹn gbogbo òdòdó pátá, ti òrìṣà ni. Ẹran, ọtí, sìgá, ẹ ti gbàgbé ìyẹn láti ìsàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òdòdó yìí ní ìtàn, ìtàn náà sì wà lára ògiri ẹnu ọ̀nà ńlá. Tẹ́ ẹ bá ń wọlé, ẹ gbójú sókè lápá ọ̀tún, ẹ máa rí ọ̀pá irin ìwalẹ̀ kan tí wọ́n fi kọ́ síbẹ̀. Ramanuja ló rán ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kan, Anantalvar, pé kó wá máa gbin òdòdó fún òrìṣà. Ó ń gbẹ́ adágún tó máa fi bomi rin ọgbà, òun àti ìyàwó rẹ̀ tó lóyún, ó búra pé àwọn méjì nìkan ló máa ṣe é. Ọmọkùnrin kékeré kan wá ń bá ìyàwó ru yẹ̀pẹ̀. Anantalvar bínú, ó ju ọ̀pá irin, ó bà á ní àgbọ̀n. Nígbà tó dé inú tẹ́ńpìlì, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní àgbọ̀n ère. Káńfọ̀ ni wọ́n fi dí i, títí dòní ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi káńfọ̀ funfun sí àgbọ̀n rẹ̀. Nínú gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀, góòlù àti gbogbo ẹ̀, ọ̀pá irin tó ti dípẹtà yìí ni mo nífẹ̀ẹ́ jù. Òrìṣà tó gbà kí wọ́n gbé ohun tí wọ́n fi ṣe é léṣe kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀!

Ẹ bá wọlé díẹ̀ sí i, ère bàbà Krishnadevaraya àti àwọn olorì rẹ̀ méjì ló dúró níbẹ̀, wọ́n pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà bí àlejò mìíràn. Ọba yìí ló fi 30,000 owó góòlù bo òrùlé tó wà lórí yàrá òrìṣà ní 1518. Àwọn àkọlé tó wà lára ògiri tẹ́ńpìlì náà lé ní 600, Tamil ló pọ̀ jù, Telugu, Kannada àti Sanskrit náà wà níbẹ̀, tani fún wọn ní màlúù, tani fún wọn ní abúlé, iye ìrẹsì tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sè, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kọ. Ìwé ìṣirò ni ògiri wọn.

Ó wá kàn wá. Darshan ni wọ́n ń pè é, kí o rí òrìṣà kí òrìṣà náà rí ọ. Fìtílà ló tan ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀. Ilẹ̀kùn góòlù, ojú ọ̀nà tóóró, èrò ń tì, àwọn tó ń darí èrò ń kígbe "jarugandi! jarugandi!", ẹ sún síwájú nìyẹn. Mo na ọrùn. Dúdú, ó ga, òdòdó bò ó dé ọrùn, àmì funfun ńlá tó bo ojú rẹ̀ méjèèjì (Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń dín in kù kí ojú rẹ̀ lè hàn), góòlù lórí, ọwọ́ ọ̀tún tó ń tọ́ka sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọwọ́ ẹnì kan sì ti wà ní èjìká mi. Ó tán. Mo wẹ̀yìn, Amma ń sunkún, orí rẹ̀ ń dán, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo bi í lẹ́yìn náà pé ṣé ó rí i dáadáa. Ó ní òun ò wò ó, òun di ojú, pé òun mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, òrìṣà ni òun fẹ́ kó rí òun. Mi ò tún bá a jiyàn.

Níta yàrá náà ni hundi wà, àpò aṣọ funfun ńlá tí wọ́n gbé kọ́ tí èrò ń ju owó àti góòlù sí. Gbèsè ni wọ́n ń bá òrìṣà san. Wọ́n ní amòye kan tó ń jẹ́ Bhrigu fi ẹsẹ̀ ta Vishnu láyà, Lakshmi ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé àyà náà bínú pé ọkọ òun ò jà, ó kẹ́rù jáde. Vishnu wá a títí, ó wá ta sórí òkè yìí. Níbẹ̀ ló ti rí Padmavati ọmọ ọba, ó fẹ́ gbé e níyàwó, owó ò sí, ó lọ yáwó lọ́wọ́ Kubera tó ni ìṣúra. Èlé rẹ̀ ò tíì tán di bí mo ṣe ń kọ èyí. Èèyàn tó jẹ gbèsè torí ìnáwó ìyàwó, ẹ bá mi wá ẹni tí ò mọ irú rẹ̀. Owó tó ń wọ hundi yìí ti ń lé ní bílíọ̀nù 10 rúpì lọ́dún. Aṣọ tí kò ní àpò làwọn tó ń kà á máa ń wọ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lọ sí ilé ìwòsàn, ilé ìwé àti oúnjẹ ọ̀fẹ́.

Ẹni tó ń ṣọ́ owó náà ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà. East India Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gbà á sọ́wọ́ ní 1801, ní 1843 wọ́n fi lé àwọn aṣáájú ilé ẹ̀sìn Hathiramji lọ́wọ́, ó wà lọ́wọ́ wọn títí òfin 1932 fi dá ìgbìmọ̀ Tirumala Tirupati Devasthanams sílẹ̀, àwọn ló wà níbẹ̀ dòní. Hathiramji yìí, wọ́n ní òun àti òrìṣà jọ máa ń ta ayò lóru ni, wọ́n fẹ̀sùn olè kàn án, ọba tì í mọ́lé pẹ̀lú ìrèké tó kún kẹ̀kẹ́ ẹrù, pé tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ òrìṣà lóòótọ́, kó jẹ ìrèké yìí tán kílẹ̀ tó mọ́. Erin kan wọlé lóru, ó jẹ gbogbo ẹ̀.

Oúnjẹ ọ̀fẹ́ náà, ẹ má fò ó. Láti 1985 ni wọ́n ti ń ṣe é. Ilé oúnjẹ náà ńlá, wọ́n ń pè é ní orúkọ akéwì obìnrin kan, Vengamamba, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń jókòó lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó ń bu oúnjẹ á máa gbé báàkẹ́ẹ̀tì irin bọ̀, ìrẹsì, ọbẹ̀ sambar, wàrà kíkan, tó o bá ti jẹ tán wọ́n á tún bu sí i kó o tó lanu. Ọbẹ̀ náà ta mí lẹ́nu. Mo jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó ku laddu. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà chickpea ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣúgà, bọ́tà yíyọ́ tí wọ́n ń pè ní ghee, kajú, àjàrà gbígbẹ àti elaichi (èròjà olóòórùn dídùn tí òyìnbó ń pè ní cardamom), wọ́n rọ́ ọ róbótó, gíráàmù 175 tàbí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní láti 1715 ni wọ́n ti ń fi bọ òrìṣà. Ní 2009 ìjọba fún un ní àmì pé kò sí ẹlòmíì tó lè ṣe é kó pè é ní laddu Tirupati. Ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá ti rí òrìṣà, 50 rúpì ni ọ̀kan tẹ́ ẹ bá fẹ́ sí i. Ó dùn, ó wúwo, ọ̀rá rẹ̀ máa gba inú aṣọ yín, ẹ fi ìwé wé e.

Ìràwọ̀ mẹ́rin àbọ̀ ni mo fún Tirumala. Ààbọ̀ tí mo yọ, torí bí àkọlé ojú ọ̀nà tí àjèjì lè kà ò ṣe pọ̀ tó ni, mo ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí ibi tí mo kó bàtà sí. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ má lọ nígbà Brahmotsavam, ọdún ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án wọn ní nǹkan bíi Ọ̀wẹ́rẹ̀ sí Ọ̀wàrà, àfi tó bá jẹ́ èrò gan-an lẹ fẹ́ wò. Ẹ rìn.

A wọ bọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀, orúnkún mi ń gbọ̀n, Amma sùn lé èjìká ọmọ rẹ̀, abẹ́ èékánná rẹ̀ ṣì pọ́n. Laddu mẹ́rin ni mo rà kún ti ọ̀fẹ́, fún àwọn ará ibi iṣẹ́. Méjì ló dé Bengaluru.